Ihò Ọ̀rá Tolliver

Ọdún mẹ́jọ gbáko ni Tolliver fi na Hobart Ledford, Hobart kò sì fojú kàn án rí.

Lórí òkè Tennessee tí Hobart ń gbé, ìbọn gígùn tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Irin lásán ni wọ́n ń fi sí i lára, irin tí wọ́n ti jẹ́ kó dípẹtà díẹ̀ títí àwọ̀ rẹ̀ fi pọ́n dúdú. Ẹni tó bá fi idẹ dídán sí i, wọ́n á ní kó máa gbé e lọ fún àwọn ará Pennsylvania. Ní ìdí ìbọn, ihò kan báyìí ni wọ́n ń lu, wọ́n á rọ ọ̀rá kún un, òun ni wọ́n fi ń pa aṣọ tí wọ́n fi ń wé ọta. Ilé kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe ń po ọ̀rá tirẹ̀.

Lóṣù karùn-ún ọdọọdún, níbi ìdíje, wọ́n á to ìbọn sórí tábìlì láìkọ orúkọ sí i. Adájọ́ á wo igi, á wo irin, á ti ìka bọ ihò ọ̀rá, á gbóòórùn rẹ̀. Tolliver á ṣe ipò kìíní, Hobart á ṣe ìkejì. Clovis Renfro tó ni ilé ìtajà ìsàlẹ̀ òkè ló máa ń gbé ìbọn Tolliver wá, tí wọ́n bá sì bi í léèrè, á ní, "Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́."

"Clovis gan-an ni Tolliver," Hobart sọ fún Arlena ìyàwó rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, Arlena ń fi ìda oyin àti ewé míǹtì olóòórùn dídùn pa orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó, bó ti máa ń ṣe láràárọ̀ láti ọdún mẹ́wàá.

"Clovis tí kò lè kan ìṣó kó má kan àtàǹpàkò ara ẹ̀?"

"Ó ń díbọ́n ni! Alárékérekè ọkùnrin. Lọ́dún tó kọjá, adájọ́ ní ọ̀rá Tolliver ń ta sánsán. Mo gbé imú sí i, n ò gbóòórùn kankan. Omi lásán! Gbogbo wọn wá ń fi mí rẹ́rìn-ín."

"Pẹ̀lẹ́," ni Arlena wí. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Èékánná rẹ̀ pọ́n dúdú bí ẹni tó ń bó èèpo asálà, ó sì ní aró ni, torí òun náà ní òfì kan nínú ahéré ẹ̀yìn ilé. Tí Hobart bá wà nídìí iṣẹ́ lọ́sàn-án, á máa gbọ́ gbì, gbì, gbì láti ibẹ̀.

Bàbá Arlena ló kọ́ Hobart níṣẹ́. Ọdún méje ni Arlena fi gbé omi lọ fún wọn nídìí iṣẹ́, á jókòó, á máa wò wọ́n títí wọ́n á fi mu ún tán. Nígbà tí bàbá náà fẹ́ kú, Hobart ló gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ fún, nítorí kò bí ọmọkùnrin.

Nígbà tí ìdíje ku ọ̀sẹ̀ kan, Hobart lọ sí ilé ìtajà Clovis, ó ní kó mú ọ̀rá tirẹ̀ wá kí òun gbóòórùn rẹ̀. Ọ̀rá ẹranko béárì tó ti kan ni. Hobart fi ọwọ́ di imú, wọ́n fi í rẹ́rìn-ín, ojú tì í, inú sì bí i. Lójú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, ó lu tábìlì.

"Ẹ gbọ́ o! Bí Tolliver bá tún nà mí lọ́dún yìí, lórí ìkúnlẹ̀ ni màá ti gbé àpótí irinṣẹ́ mi lé e lọ́wọ́!"

Clovis kọ ọ́ sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn.

"Àpótí bàbá mi?" Arlena bi í nígbà tó délé.

"Mi ò ní pàdánù ẹ̀."

"Ẹyin lohùn, Hobart. Bó bá bọ́, fífọ́ níí fọ́." Ó gba ìdí òfì rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, Arlena pa orúnkún rẹ̀ tán, ó tún bu ìda náà, ó tún pa á.

"Ó tó, jàre. Ṣé o fẹ́ dín mi ni?"

"Ọjọ́ òní máa gùn," ni Arlena wí. Kò bá a lọ. Kì í bá a lọ tẹ́lẹ̀. Á ní aṣọ òun ń bẹ lórí òfì.

Ìbọn Hobart dára lọ́dún náà ju ti ìgbàkigbà rí lọ. Adájọ́ gbé e, ó mi orí pé ó dára, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé ti Tolliver, ó ti ìka bọ ihò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó dun Hobart wọ eegun.

"Ó yá, Clovis," ó wí, "dúró kí n kúnlẹ̀ fún ẹ, kó o yéé fi mí ṣeré."

"Kò kàn mí o! Tolliver ní kó o gbé àpótí náà lọ sílé ẹ. Òun á wá gbà á níbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀."

Hobart gbé àpótí náà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé e délé, ó gbé e kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ṣí i, ó fọwọ́ kan ọ̀bẹ àti fáìlì kọ̀ọ̀kan, omi lé ròrò sí i lójú. Gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá ló ń dìde wò.

"Ṣé ẹnìkan ti dé?" Arlena bi í láti inú ilé.

"Kò tíì sẹ́ni."

Arlena jáde wá, ó fa àga kan wá síwájú rẹ̀, ó jókòó, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti òun ti èékánná pípọ́n, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pa orúnkún yẹn láàárọ̀, ọkọ mi, ó yá, kúnlẹ̀."