Ìṣirò Tó Kù Sápò Akínbọ́lá

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ má kàn ka ìlà méjì kẹ́ ẹ sáré fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ìkòkò lẹran wà.

1.
Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé ni, òjò sì ń rọ̀ lórí Ìgàndó bí ẹni tínú ń bí. Akínbọ́lá bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọ Aládùúrà, torí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Ó fẹsẹ̀ lásán wọlé bí ọba tó ń lọ gorí oyè.

Ìdíje fọ́dà máàsì ni, ìṣirò àgbà tó ń lé ọ̀pọ̀ ọmọ sá. Ẹgbẹ́ kan ládùúgbò ló gbé e kalẹ̀: ọmọ tó bá gbégbá orókè, àwọn ni yóò rán an lọ sí yunifásítì títí tí yóò fi jáde. Ẹnì kan ṣoṣo! Ìyá Akínbọ́lá, tó ń bá àwọn ọmọ ìjọ fọ sùtánà, tó sì ń lọ̀ wọ́n, ti ń pè é ní ẹnjiníà káàkiri Báàrúwà, àdúgbò wọn. Obìnrin náà kò sì ní ọ̀nà mìíràn tó fẹ́ gbà rán an.

Ẹ gbọ́, ọmọ yìí mọ ìṣirò! Ṣùgbọ́n ahun ni. Kì í fi ọ̀nà han ẹnikẹ́ni.

Súmbọ̀, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà, bi í lọ́jọ́ kan pé, "Akin, jọ̀ọ́, báwo lo ṣe dé ìdáhùn yìí?"

"Ọ̀kadà ni mo gùn débẹ̀."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Abdulsobur, tíṣà wọn, kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ yìí, ọ̀nà tó o gbà ni wọ́n ń fún ní máàkì, kì í ṣe ibi tó o dé nìkan. Àṣà ìfiṣẹ́pamọ́ yìí á dójú tì ẹ́ o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Èmi kì í ṣì í."

2.
Lọ́jọ́ ìdíje yìí, bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n fi Akínbọ́lá àti Súmbọ̀ sí. Ìdánwò bẹ̀rẹ̀, Akínbọ́lá ń já a bí ẹní já ewé! Ó dé ìbéèrè tó kẹ́yìn, èyí tó le jù, tí máàkì rẹ̀ sì pọ̀ jù. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: *Fi gbogbo iṣẹ́ rẹ hàn.*

Ìgbà yẹn gan-an ni Súmbọ̀ na ọrùn láti wo aago tó wà lára ògiri. Akínbọ́lá rò pé ìwé òun ló ń wò.

"Háà! Èmi kí n la ọ̀nà, kí ìwọ wá rìn ín? Láéláé!" ló sọ nínú ọkàn rẹ̀.

Ó gbé bébà kékeré kan lé itan, ó ṣe gbogbo ìṣirò náà síbẹ̀, ó ká a, ó tì í bọ àpò. Ìdáhùn nìkan ló fi ìkánjú kọ sórí ìwé ìdánwò. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

3.
Gbangba ni ẹgbẹ́ náà ti ń máàkì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n ṣe ojúsàájú fún ọmọ kankan. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn òbí kún gbọ̀ngàn fọ́fọ́. Ìyáàfin Hephzibah, tó ń máàkì, ń ṣàlàyé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ariwo ń sọ bí ẹni pé bọ́ọ̀lù ń wọ àwọ̀n. Nígbà tó fi máa ku ìbéèrè kan, Akínbọ́lá ti fi máàkì márùn-ún ju Súmbọ̀ tó ṣìkejì lọ! Ìyá rẹ̀ ti bọ́ gèlè, ó ń jù ú sókè.

Ìyáàfin Hephzibah dé ìbéèrè tó kẹ́yìn. "Súmbọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò tọ́."

Akínbọ́lá fò sókè. "Mo ti jẹ ẹ́!"

"Ẹ jókòó, ọ̀gbẹ́ni. Súmbọ̀ mọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀: máàkì. Ọ̀nà rẹ̀ tọ́: máàkì. Ibí yìí ló ti ṣi ìṣirò ṣe, àmọ́ ọ̀nà tó tọ́ ló ń bá lọ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan là ń jẹni níyà àṣìṣe kan. Máàkì méjì ni àṣìṣe kan yẹn ná an: mẹ́jọ nínú mẹ́wàá."

Gbọ̀ngàn mì tìtì.

"Akínbọ́lá. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló kọ. Mẹ́rìndínlógójì ni ìdáhùn. Kò sí iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Òdo."

"Irọ́ ni, mà! Mẹ́rìndínlógójì ni mo rí!" Ó fa bébà yọ lápò, ó nà án sí Ìyáàfin Hephzibah. Òótọ́ ni. Ìlà kọ̀ọ̀kan tọ́, 36 sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kedere. Níbi tó ti ń kánjú fi í pamọ́ ló ti kọ 63 sórí ìwé.

Ìyáàfin Hephzibah wò ó, àánú ṣe é. "Ọmọ mi, ká ní èyí wà lórí ìwé rẹ ni, máàkì kan péré ni ǹ bá yọ. Àmọ́ a kì í máàkì àpò."

Máàkì mẹ́ta ni Súmbọ̀ fi gbégbá orókè. Ìyá Akínbọ́lá rọra wé gèlè rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ iṣẹ́ yín síta! Bí ẹsẹ̀ yín bá yọ̀, ohun tẹ́ ẹ kọ ni yóò gbà yín. Ẹ má sì fi ìmọ̀ ṣahun sí ẹnìkejì yín. Ẹni tó dánìkàn jẹ, òun náà ní í dánìkàn kú.

Akínbọ́lá gba bébà rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ló fẹsẹ̀ lásán rìn lọ bá Súmbọ̀, ó tẹ́ bébà náà síwájú rẹ̀, ó ní, "Wò ó, ibí yìí lo ti ṣì í."