Òjò Lẹ́yìn Màmá

Bí ilẹ̀ ti mọ́, Fadérera kúnlẹ̀ síwájú dígí ara ògiri tó ń gbé àwòrán àti ohùn wá láti ọ̀nà jíjìn, láti kí ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìgbájọ. Màmá rẹ́rìn-ín nínú dígí.

"Àwẹ̀ró mi, ṣé o sùn dáadáa?"

Bó ṣe máa ń wí láràárọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ọyẹ́ ti ń la ètè gbogbo èèyàn, òjò sì ń rọ̀ lẹ́yìn Màmá!  Fadérera fò dìde.

"Dígí, ṣé ti òní nìyí?"

"Rárá. Ẹ̀dà tí mo tọ́jú ni, kí ẹ má baà dúró pẹ́. Ohun tí kò bá yí padà mọ́ ni mo máa ń tọ́jú. Màmá yín ò yí padà mọ́ látìgbà òjò; kò mira, kò sọ̀rọ̀. Ṣé kí n lọ mú tuntun wá?"

Fadérera yára na ọwọ́ sí dígí.

"Má lọ," ló wí, ó sì tún kúnlẹ̀ fún Màmá inú òjò. "Ẹ káàárọ̀, mà."