Ilẹ̀kùn Sítúdíò

Ọwọ́ ilẹ̀kùn sítúdíò já mọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò kan lọ́wọ́, ó sì mọ̀ pé òun ti há. Fóòmù ni wọ́n fi bo ògiri. Bó pariwo títí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ níta. Fóònù ibẹ̀ kì í pe ìta, ìpè nìkan ló ń gbà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀sán yìí gan-an ló fẹ́ yọ́ lọ gba iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ rédíò Yábàá tó ń bá tiwọn díje.

Ó tan makirofóònù. "Ẹ̀yin ará Súrùlérè, mo bẹ̀ yín, ẹ wá ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo há o!"

Fóònù dún. Obìnrin kan ń rẹ́rìn-ín láti Múṣin. "Ẹ̀gbọ́n, ètò tuntun yìí dùn o! Ẹ tún bẹ̀ wá!"

"Kì í ṣe ètò, àǹtí mi!"

"Ẹ gbọ́ bí ohùn wọn ṣe ń gbọ̀n!" ló ké sí àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìpè ń wọlé léraléra. Nígbà tó yá, ọ̀gá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra iléeṣẹ́ tiwọn pè. "Máa bá a lọ! A ò gbé orin sáfẹ́fẹ́ mọ́, ohun tá a ó máa ṣe nìyí. Káfíńtà dé, mo ní kó padà sílé."

Fóònù tún dún. Máníjà rédíò Yábàá ni.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí. Mo há ni!"

"Mo gbọ́, gbogbo Èkó ló gbọ́," ni máníjà wí. "Ẹ má wulẹ̀ wá mọ́. A ti ti ẹnìkan mọ́ sítúdíò tiwa náà."