Adékànmí Fi Pánla Pamọ́ fún Kọ̀ǹpútà

Ohun tí Adékànmí bá mọ̀, kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n; àbùkù rẹ̀ nìyí. Òun ni olórí ilé ìkẹ́rùsí fún Alájì Yínúsà, tó ń kó pánla wọ̀lú ní Wharf Road, Apapa. Bí àwọn tó ń tajà tàbí àwọn aṣírò owó bá fẹ́ mọ iye pánla tó wà nílẹ̀, àfi kí wọ́n wá bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yìí a sì máa dùn mọ́ ọn.

Ní ọdún 1996, Alájì ra kọ̀ǹpútà tó so gbogbo ẹ̀ka pọ̀. Bí ilé ìkẹ́rùsí bá ti tẹ ọ̀rọ̀ sí i, àwọn tó ń tajà á rí i, ìṣirò owó á sì tún ara rẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀.

"Ọ̀gá Kànmí, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà wa," ni Eucharia, olórí àwọn aṣírò owó, wí.

Inú Adékànmí kò dùn sí i. Ó ní òun nìkan ni kó mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọn yóò fi máa ṣí apá ti ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì gbà fún un. Ni ó bá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé pánla ti tán, nígbà tí pánla kún dé àjà. Ó rò pé wọn yóò tún sá tọ òun wá.

Ẹní da eérú ni eérú ń tọ̀. Kò sẹ́ni tó wá. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbà gbọ́. Wọ́n dá Nwakaego, oníbàárà wọn pàtàkì láti Ajégúnlẹ̀, padà lọ́wọ́ òfo, wọ́n sì sáré ra pánla kún pánla. Tirélà mẹ́ta dé bí òjò ti ń ṣú.

"Oga, where I go put am?" ni awakọ̀ bi Adékànmí.

Pánla kún ọ́fíìsì, òórùn rẹ̀ dé Malu Road, gbogbo ológbò àdúgbò péjọ. Alájì fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpò pánla.

"Ta ló sọ fún ẹ̀rọ yìí pé pánla tán?" ni ó bèèrè.

Eucharia rọra ní, "Ọ̀gá Kànmí, ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn?"

Alájì gba ipò olórí lọ́wọ́ Adékànmí, ó ní kó lọ wá ẹni tí yóò ra ẹrù náà kí òjò tó bà á jẹ́. Ó gba ilé Nwakaego lọ. Ìyẹn ní kó jókòó, ó jẹun tán, ó fọ abọ́, kó tó dá a lóhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa ra pánla."

"Èyí tẹ́ ẹ ní ó ti tán?" Nwakaego rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ kó o wá. Ìdajì owó ni mo máa san o."

Adékànmí tòun ti táì lọ́rùn ló ru àpò wọlé. Láti ọjọ́ náà, Pánla-Tán ni wọ́n ń pè é ní Apapa.

Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Ìmọ̀ tí a há mọ́ra kì í sọni di ẹni ńlá. Bí a bá fi òtítọ́ bọ́ ẹ̀rọ, yóò bá gbogbo ilé ṣiṣẹ́. Bí a bá fi irọ́ bọ́ ọ, irọ́ ni yóò bù fún gbogbo ilé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.