Akọ̀wé Tó Kọ̀ Láti Kọ Orúkọ Ìyá Oníkarahun

Akọ̀wé kan wà tó jẹ́ pé fífojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọnìkejì ni àìsàn rẹ̀. Kì í jalè, kì í mutí, kì í sì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn ò bá ti ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́, bí ẹni tí wọn ò tíì bí ló rí lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú ìwé orúkọ àwọn olùṣàwárí abẹ́ omi, ní ọ́fíìsì kan tó kọjú sí adágún ńlá. Òun ló ń pinnu ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ àti ẹni tí kò tó. Ẹni tó bá wà nínú ìwé ló lè wọ ihò àpáta tó wà nísàlẹ̀ adágún, ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá sì rí nìkan ni wọ́n ń kọ sára àwòrán ìsàlẹ̀ omi tí wọ́n gbé kọ́ ògiri. Ẹ sì wá wò ó o, akọ̀wé fúnra rẹ̀ ò mọ̀wẹ̀. Bí omi bá ti kàn án ní orúnkún, á ti máa wá ẹni tó máa di òun mú.

Etí adágún yìí ni Ìyá Oníkarahun ń gbé. Láti kékeré ló ti ń mòòkùn lọ ṣa ìkarahun nísàlẹ̀ omi, tó ń tà á fún àwọn tó ń sin adìyẹ. Kì í gbé ìgò afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń mí lábẹ́ omi. Okùn kan ní ìbàdí, àpò kan lọ́rùn, ó parí. Kò sí kọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀ ibẹ̀ tí kò mọ̀.

Lọ́jọ́ tó wá forúkọ sílẹ̀, akọ̀wé kọ́kọ́ wo omi tó ń kán láti ara aṣọ rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ìyá, níbo lẹ ti kọ́ iṣẹ́ yìí?"

"Inú omi náà ni, ọ̀gá."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín. "Inú omi lẹja náà ń gbé. Ṣé ká forúkọ ẹja náà sílẹ̀ ni?"

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ìyá Oníkarahun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bá ọ̀nà ilé lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó padà wá, àmọ́ kò bá ti ìforúkọsílẹ̀ wá mọ́.

"Ọ̀gá, òkè ihò yẹn ti sán. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbà á dé ìgúnpá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ kọ orúkọ mi. Ẹ ṣáà kọ ọ̀rọ̀ ihò yẹn sílẹ̀, kó má lọ wó pa ọmọ ọlọ́mọ."

"Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí nínú ìwé ò lè wọ inú ìwé," ni akọ̀wé wí. Ó sì ṣílẹ̀kùn fún un.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni akọ̀wé yìí bí, òun ló sì gbójú lé. Olùṣàwárí ni ọmọ náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òun àti olùṣàwárí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ wọ ihò náà, ó yà sí ọ́fíìsì.

"Bàbá mi, gbogbo ìròyìn ọ̀dọ̀ yín ló ń wá. Ṣé ẹ gbọ́ nǹkankan nípa ihò yẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n akọ̀wé. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ọmọ á béèrè pé ta ló rí i, á sì di dandan kó dárúkọ obìnrin tó ń ṣa ìkarahun. Ó gbé e mì.

"Kò sí nǹkankan nínú ìwé," ló wí.

Òótọ́ sì ni. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní ó dàbọ̀.

Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tí òkè ihò fi wó. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀. Ó ní ọmọ akọ̀wé ṣì wà láàyè lẹ́yìn àwọn òkúta, òun gbọ́ bó ṣe ń fi irin kàn wọ́n. Àlàfo tó kù kéré, ẹni tó pọn ìgò afẹ́fẹ́ ò lè gbà á kọjá. Afẹ́fẹ́ ọmọ náà ò sì lè ju wákàtí kan lọ.

Akọ̀wé fi bàtà kan ṣoṣo sáré dé ilé Ìyá Oníkarahun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìkarahun tí wọ́n sá sílẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ gbà mí!"

Obìnrin náà ò bá a sọ̀rọ̀ àná rárá. Ó mú okùn rẹ̀, ó ti ń sáré lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ etí omi nawọ́ dí wọn lọ́nà. Akọ̀wé ló ṣòfin pé bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò sí nínú ìwé ò gbọdọ̀ wọ omi, àfi bí olùṣàwárí mẹ́ta bá fọwọ́ sí i.

"Èmi ni mo ṣòfin náà!" ni akọ̀wé kígbe.

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ lé ẹni tó wà níbí ṣáájú mi, torí pé ó rú u. Ọmọ mẹ́rin ló wà nílé mi o."

Olùṣàwárí kan péré ló wà nítòsí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórí rẹ̀ yẹn ni. Kí wọ́n tó wá àwọn méjì yòókù kàn ní ìgboro, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ. Nígbà tí Ìyá Oníkarahun kọ́kọ́ mòòkùn, ó gbọ́ ìró irin náà. Ó fọwọ́ tú òkúta títí èémí rẹ̀ fi fẹ́ pin, ó gòkè wá mí, ó tún padà. Lẹ́ẹ̀kejì, ìró náà ti lọ sílẹ̀. Nígbà kẹta tó yọrí, ó tú okùn ìbàdí rẹ̀.

"Mo ti kàn án lọ́wọ́," ló wí. "Ó ti dákẹ́, ọ̀gá."

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ sì ní kí Ìyá Oníkarahun lọ mú ìwé ẹ̀rí wá kí wọ́n tó lè kọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni ìyà akọ̀wé wà. Nígbà tí wọ́n sin ọmọ tán, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó rọra bi í pé, "Bàbá ọmọ mi, ṣé ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀?" Akọ̀wé wo ilẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ, kò sì bi í ní nǹkankan mọ́ títí dòní. Àwọn aládùúgbò ní ọ̀fọ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí kì í jáde. Òun nìkan ló mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ni, torí pé kò sí ọjọ́ kan tí kì í gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ò fara sin. Ẹ yé fi ìwé ẹ̀rí díwọ̀n ohun tí ọmọ ènìyàn mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí là wá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ná, kí ẹ tó béèrè pé ta ló ń sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì mọ ohun tí ẹ̀ ń fi pa mọ́ nítorí iyì ara yín, ẹ sọ ọ́ lónìí. Akọ̀wé yìí ì bá fi gbogbo iyì ayé tọrẹ kó lè sọ ọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún kò sí mọ́.