Ògiri Tó Sọ "O" fún Màmá

Ní pírámárì kẹta tí mo ń kọ́, ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ògiri kíláàsì ló sì ń ka èsì ìdánwò. Lánàá, ó kan Màmá Mojírọ́lá, tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì.

"Mojírọ́lá, o gba ọgọ́rùn-ún."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n jọ ń jókòó, fò dìde. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni wọ́n ni, tó o fi ń sọ 'o' fún wọn?"

Ògiri tún un kà: "Ẹ má bínú, mà. Ẹ gba ọgọ́rùn-ún."

Ìgbà yẹn la tó wá pàtẹ́wọ́ títí. Màmá fi ìborùn nu ojú.

Ògiri wá kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ èsì pátápátá: "Ògiri. Ìwà: òdo."