Okun Tí Martha Ń Kí

Nígbà tí ìjọba fẹ́ fẹ pápákọ̀ òfurufú tó wà lẹ́yìn Kabba, kí bàálù ńláńlá láti ìlú òyìnbó lè máa balẹ̀ síbẹ̀, Jethro Bámigbóyè ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, díákónì ni, ọwọ́ ìwé rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó tẹ̀lé àwọn awọnlẹ̀, kó sì kọ ilé, igi àti ibojì tó bá bọ́ sójú ọ̀nà tuntun tí bàálù yóò máa sáré lé.

Ọ̀nà méjì ni àwọn awọnlẹ̀ yà sínú ìwé. Èkínní gba ilẹ̀ ìdílé Jethro kọjá. Èkejì gba òdìkejì odò, lórí oko Martha, opó arúgbó kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n ní bí kò bá sí ibojì lórí èkejì, òun ni àwọn yóò mú. Bí ibojì bá wà lórí méjèèjì, àwọn kò ní yẹ̀ kúrò lórí èkínní. Àwọn yóò hú òkú ibẹ̀ lọ síbòmíràn.

Orí ilẹ̀ ìdílé Jethro ni wọ́n sin bàbá àgbà rẹ̀ sí. Adétutù ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n Jethro tó kú ní kékeré sì wà níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò sí láàárín wọn. Ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un ni pé ìdí iṣẹ́ kùsà ní Jọs ló kú sí nígbà tí Jethro ṣì ń rá, pé ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ìyá rẹ̀ jìyà púpọ̀ kó tó sinmi. Jethro kò lè fojú inú wo kí àlejò máa fi ṣọ́bìrì wá egungun rẹ̀.

Ó sọdá odò lọ bá Martha. Obìnrin náà mú un lọ sábẹ́ igi igbá kan, níbi tí ebè gígùn kan wà tí a ro yíká, tí a sì to òkúta sí lẹ́sẹẹsẹ. Jethro béèrè orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Martha ní, “Mo ti fi Bíbélì búra pé orúkọ rẹ̀ ò ní ti ẹnu mi jáde. Ṣùgbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, Jethro. Mo bẹ̀ ọ́.”

“Ibojì tí kò lórúkọ kì í wọ ìwé, Iye. Òfin ni,” ni Jethro wí. Iye la ń pe ìyá ní ilẹ̀ wa.

Kò sí òfin kankan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó kọ “kò sí” sójú ibi tí wọ́n ní kó kọ iye ibojì sí, ó sì pa ìwé dé. Martha wo bírò ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀ títí.

Katapílà dé ní ọjọ́ Ajé. Kó tó di ọ̀sán, igi igbá náà ti wó, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti tẹ́jú pẹrẹsẹ.

Ní ọjọ́ kẹta, Martha wá sílé Jethro pẹ̀lú oúnjẹ nínú abọ́ olómorí. Ó ní, “Okun, Jethro.” Ó jókòó díẹ̀, ó sì lọ. Nígbà tó pé ọjọ́ mẹ́jọ, ó tún gbé abọ́ wá. Nígbà tó pé ogójì ọjọ́, ó tún wá. Ó ní, “Okun,” kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Okun la fi ń kí ara wa ní ilẹ̀ wa. A fi ń kíni láàárọ̀, a fi ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun náà la fi ń kí aláyọ̀ àti ẹni tí nǹkan ṣe. Ẹni tí a kí ni yóò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Jethro, ní tirẹ̀, gbà pé ìtìjú ni obìnrin náà ń gbé wá fún òun. Cecilia ìyàwó rẹ̀ ló jẹ oúnjẹ náà, ó ń yìn ín pé èèyàn rere ni Martha. Lójú Jethro, àfi bíi pé wọ́n ń na òun. Kò lè gba oúnjẹ Olúwa mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá pè é láti gbàdúrà, á ní ọ̀fun ń dun òun. Ẹ̀bi náà ń jẹ ẹ́ tọ̀sán-tòru.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí bàálù àkọ́kọ́ láti ìlú òyìnbó balẹ̀, gbogbo ìlú lọ wòran. Jethro gba ilé Martha lọ. Ó bá a níwájú ilé tí ìjọba kọ́ fún un, ó ń ṣa ẹ̀wà. Jethro dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: òfin tí kò sí, àwọn òkú tirẹ̀ tó fi òkú ẹlòmíràn dáàbò bò.

“Mo mọ̀ láti ọjọ́ náà,” ni Martha wí. “Dìde.”

Kò dìde. Ó ní òun ò tíì bẹ̀bẹ̀ tán. “Iye, ta ló wà níbẹ̀? Kí n lè lọ bẹ àwọn èèyàn rẹ̀.”

Martha gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní kí Ọlọ́run dárí ìbúra náà ji òun.

“Bàbá rẹ kò kú sí Jọs, Jethro, ẹ̀tẹ̀ ló gbé wálé, inú oko wa ló kú sí, ìyá rẹ ló mú mi búra kí ojú má baà tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́, ìwọ sì ni mo ti ń kí kú ọ̀fọ̀ láti ọjọ́ tí katapílà ti gun orí ibojì rẹ̀.”